Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án Tó Ní Kí Wọ́n Máa Pe Òun Ní K

Bàbá àti ìyá kan pínyà, ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ wọn yóò máa gbé sì gbé wọn dé kóòtù ìdílé ní New Plymouth, ìlú etíkun kan ní Erékùṣù Àríwá ilẹ̀ New Zealand. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin náà. Adájọ́ Rob Murfitt ló jókòó lórí ẹjọ́ náà, oṣù Kejì ọdún 2008 ló sì dá a. Irú ẹjọ́ báyìí kì í sábà dé inú ìwé ìròyìn, torí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Èyí dé ibẹ̀, ó sì ká ayé, nítorí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà: Talula Does The Hula From Hawaii.

Ní Yorùbá, "Talula ń jó hula láti Hawaii". Hula ni ijó ìbílẹ̀ àwọn ará erékùṣù Hawaii. Kì í ṣe ìnagijẹ, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ nílé. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin.

Lọ́yà tó dúró fún ọmọ náà sọ fún kóòtù pé ọmọ yìí kò jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. K ló ní kí wọ́n máa pe òun. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹ tún orúkọ náà kà, kí ẹ wá K nínú rẹ̀. Kò sí. Ọmọ tó kàn fẹ́ gé orúkọ gígùn kúrú á mú T, tàbí Talula, tàbí Lula pàápàá. Ọmọ yìí mú lẹ́tà tí kò sí nínú orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tó ń gé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tó ń sá fún un, ó sì yẹ kí àgbàlagbà kan ti rí ìyàtọ̀ yẹn tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ti kóòtù.

Ohun tó wà nínú orúkọ náà

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni. Lẹ́tà 27, àlàfo 5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Kì í ṣe pé ó jẹ́ gbólóhùn ló ba orúkọ náà jẹ́. Gbólóhùn ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tiwa náà: Olúwaṣeun, Ayọ̀délé. Ṣùgbọ́n a ti fún wọn pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ṣe é gé sí Ṣeun àti Délé, ọpẹ́ tàbí ayọ̀ òbí ni wọ́n sì ń sọ. Gbólóhùn ti ọmọ yìí ń sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, bí ẹni ń polówó eré lójú agbo. Talula àti Hula ń dún jọra lẹ́nu, bí orin eré ọmọdé. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀fẹ̀ á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló máa dúró de ẹ̀rín yẹn lẹ́nu gbogbo àjèjì tó bá pàdé.

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà, Does, The àti From kì í ṣe orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń so gbólóhùn pọ̀ ni wọ́n. Ijó ni Hula, ilẹ̀ ni Hawaii. Talula nìkan ló ṣe é pè. Àwọn òbí kan gbà pé bí orúkọ gidi kan bá ti wà níwájú, ìyókù kò ní pa ọmọ lára, ọmọ á kàn máa jẹ́ ti iwájú. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé irọ́ ni. Orúkọ dáadáa ni Talula fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ náà kò lè lò ó, torí ẹni tó bá ti gbọ́ ìyókù lẹ́ẹ̀kan kò ní lè pe Talula mọ́ kó má fi ijó tẹ̀ lé e. Ti ẹ̀yìn ti ba ti iwájú jẹ́.

Ibi tí odindi orúkọ ti ń jáde kò kéré: ìwé orúkọ kíláàsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà, páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ìdánwò. Níbẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé ni wọn yóò kà, wọn kì í béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ọmọ tó bá ń fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ gbogbo ilẹ̀kùn yìí nígbà kan náà. Tíṣà tuntun kan ṣoṣo tó ka orúkọ sókè kó tó béèrè ti tú iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ká. Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí ń dá ṣe nìyẹn, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn dá sí i lọ́rùn.

Bó ṣe kọjá

Àwọn tó gbọ́ ìròyìn yìí ń béèrè ohun kan náà: ṣé kò sí ẹni tó wo fọ́ọ̀mù náà ni? Wọ́n máa ń wò ó. Ní New Zealand, agbẹ̀bí tàbí ilé ìwòsàn á kọ́kọ́ fi tó ìjọba létí pé wọ́n ti bí ọmọ. Àwọn òbí á wá kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́. Oṣù méjì ni wọ́n ní láti fi ṣe é, kò sì sí owó kankan lórí ìforúkọsílẹ̀ náà. Òfin tó wà lóde lásìkò ọmọ yìí ni ti ọdún 1995 (òfin ọdún 2021 ti rọ́pò rẹ̀ báyìí), ohun mẹ́ta sì ni òfin yẹn ní kí akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́, ṣé orúkọ náà lè bí ẹni tó ní làákàyè nínú? Ìkejì, ṣé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ? Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún èyí ni 100 lẹ́tà, pẹ̀lú àlàfo inú rẹ̀. Ìkẹta, ṣé oyè tàbí ipò ìjọba ni, tàbí ohun tó jọ ọ́, láìsí ìdí gidi tí wọ́n fi fẹ́ lò ó?

Ẹ wá gbé Talula Does The Hula From Hawaii sí iwájú ìbéèrè mẹ́ta yìí. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn. Lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ jẹ́ 32, kò tó ìdá mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n gbà láyè. Kò sí oyè kankan níbẹ̀. Ó kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akọ̀wé tó gbà á wọlé kò rú òfin.

Níbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà nìyí. Ẹni tó máa gbọ́ orúkọ ni òfin náà ń rò: ṣé kò ní bí i nínú, ṣé ó máa lè kọ ọ́ tán, ṣé kò ní rò pé ọba tàbí adájọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ìbéèrè kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọjú sí ẹni tó máa jẹ́ ẹ. Kò sí èyí tó ní, báwo ni yóò ṣe rí fún ọmọ yìí nígbà tí wọ́n bá pè é láàárín ọgbọ̀n ọmọ mìíràn?

Ohun tó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ni ẹnu. Ọ̀gá wọn nígbà náà ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé bí òbí bá mú orúkọ tó ṣàjèjì wá, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n rí ìtìjú tó lè ti ibẹ̀ jáde. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ti gba àwọn ọmọ kan là. Àmọ́ ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ. Ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé: nígbà tí fọ́ọ̀mù bá fi dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, àwọn òbí ti pe gbogbo ẹbí, wọ́n ti sọ orúkọ náà fún ará àti ọ̀rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nígbà yẹn pé orúkọ ọmọ rẹ̀ kò dára á gbọ́ ọ bí ìwọ̀sí.

Adájọ́ Murfitt to àwọn orúkọ mìíràn sínú ìdájọ́ rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí i pé ti ọmọ yìí kò dá wà. Lára àwọn tí wọ́n kọ̀ ni Fish and Chips, tí wọ́n fẹ́ sọ àwọn ìbejì kan (ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín ni), Yeah Detroit, Keenan Got Lucy àti Sex Fruit. Lára àwọn tó kọjá ni Number 16 Bus Shelter, ìyẹn ibùdó tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 16. Midnight Chardonnay, tí Chardonnay inú rẹ̀ jẹ́ wáìnì. Àti Violence, tó túmọ̀ sí ìwà ipá. Nígbà tó dórí Violence, adájọ́ sọ pé ó bani nínú jẹ́ pé èyí kọjá.

Ẹ gbé Violence sí ẹ̀gbẹ́ Justice. Justice ni ìdájọ́ òdodo, ọ̀rọ̀ tó dára, ọ̀pọ̀ òbí sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba New Zealand gbé àkójọ àwọn orúkọ tí wọ́n kọ̀ láti ọdún 2001 jáde ní 2013, Justice ló wà lókè pátápátá: ìgbà 62 ni wọ́n ti dá a padà, torí pé oyè adájọ́ àgbà ni níbẹ̀. King tẹ̀ lé e pẹ̀lú 31, Princess 28, Prince 27. Ìbéèrè kẹta ló dá gbogbo wọn padà. Violence ní tirẹ̀ kì í ṣe oyè, kò gùn, kì í sì í ṣe èébú, nítorí náà ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un. Òfin tó gba Violence wọlé tó sì lé Justice síta nígbà 62 kò ya wèrè. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí wọn kò kọ sínú rẹ̀ ni ọmọ.

Ti àwọn ìbejì tún burú ní ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ dárúkọ ìbejì kan tí wọ́n sọ ní Benson àti Hedges, orúkọ sìgá kan. Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ Benson láìsí wàhálà. Orúkọ ìdílé ni Hedges. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dúró pọ̀ ni páálí sìgá tó yọ. Ọmọ kan, àkọsílẹ̀ kan ni ìforúkọsílẹ̀ ń bá lò, irú àléébù yìí sì ń fara pa mọ́ sí àárín àkọsílẹ̀ méjì.

Ohun tí kóòtù ṣe

Ní New Zealand, àwọn alágbàtọ́ ọmọ, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ ìyá àti bàbá, ló ní ẹ̀tọ́ láti yí orúkọ ọmọ tí kò tíì dàgbà padà. Òfin ìtọ́jú ọmọ ti ọdún 2004 ka orúkọ àti ìyípadà rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì tí àwọn alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ jọ pinnu. Nílé tí òbí méjèèjì ti ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ìfohùnṣọ̀kan ni nǹkan tó ṣọ̀wọ́n jù. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ sí ìwé náà.

Ọ̀nà tí adájọ́ gbà ni pé ó fi ọmọ náà sábẹ́ ìṣọ́ kóòtù, kí wọ́n lè wá orúkọ mìíràn fún un. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kóòtù fúnra rẹ̀ gba ipò alágbàtọ́. Kò pọn dandan kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nílé fún un. Ọwọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n pààrọ̀. Ọ̀nà ńlá ni fún ohun tó jọ kékeré, kóòtù kì í sì í fi ṣeré, torí pé agbára tí òfin fún òbí ló ń gbà.

Ìdí tó fi ṣe é wà nínú ìdájọ́ rẹ̀ kedere. Ó ní ọkàn kóòtù dàrú gidigidi nítorí àìlóye tí àwọn òbí fi hàn nígbà tí wọ́n ń yan orúkọ yìí. Ó ní orúkọ náà sọ ọmọ di ẹni yẹ̀yẹ́, ó sì gbé àbùkù lé e lórí láwùjọ, láìnídìí. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló wúwo jù. Àwọn ẹrù kan wà tí òbí kò lè mú kúrò lórí ọmọ, àìsàn tàbí àìní. Èyí kì í ṣe irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àwọn òbí ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́.

Lọ́yà ọmọ náà kó ipa tó yẹ ká kíyè sí. Nínú ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ, lọ́yà bàbá ń sọ ti bàbá, lọ́yà ìyá ń sọ ti ìyá. Ẹni kẹta tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bi ọmọ léèrè ló mú ọ̀rọ̀ K dé iwájú adájọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ, ti ọdún 1989, tí New Zealand fọwọ́ sí ní 1993, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i (abala 7), ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn án (abala 12). Ọdún mẹ́sàn-án ló wà láàárín méjèèjì nínú ayé ọmọ yìí.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní Faransé, láti ọdún 1993, akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ kò lè dá orúkọ padà, ṣùgbọ́n bó bá rí èyí tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá, ó gbọ́dọ̀ fi tó agbẹjọ́rò ìjọba létí, ìyẹn sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ìdílé. Ìbéèrè adájọ́ yìí kan ṣoṣo ni: ṣé orúkọ yìí ṣe ọmọ náà láǹfààní? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn òbí kan sọ ọmọbìnrin wọn ní Nutella, orúkọ èròjà ṣokoléètì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, kóòtù ní Valenciennes ti yí i padà sí Ella, torí pé Nutella á mú kí wọ́n máa fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Oṣù méjì ni ọmọ náà fi jẹ́ ẹ, kò sì tíì lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. K gbọ́ tirẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Fún ẹni tí fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀ báyìí

Ẹ kọ orúkọ náà tán pẹ̀lú orúkọ ìdílé, bí yóò ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gan-an. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀: òfin lè gba 100, ṣùgbọ́n àpótí tó wà lójú fọ́ọ̀mù púpọ̀ kì í gba tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á gé e níbi tó bá wù ú, ohun tó bá kù sì lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ohun tó kọ jáde. Bó bá jẹ́ pé ìbejì ni, tàbí pé ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n, ẹ pe wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí ẹ bá ń pè wọ́n wá jẹun. Ẹ wá odindi orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjà kan bá ti ń jẹ́ ẹ, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ní ìwé náà, kó kà á sókè láìsí àlàyé. Ẹ wo ojú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Bó bá ti rẹ́rìn-ín, tàbí tó ní "kí lẹ wí?", ẹ ti rí ohun tí ọmọ yín máa rí lójú gbogbo tíṣà tuntun. Bí ìtàn kan bá wà lẹ́yìn orúkọ náà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ kó tó yé ènìyàn, ẹ rántí pé ọmọ ló máa máa sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Oṣù méjì gùn tó fún gbogbo èyí. Orúkọ tó bá ṣì dùn lẹ́nu yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kò sùn dáadáa nítorí ìkókó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí tí ẹ rò ní alẹ́ ayẹyẹ lọ.

Orúkọ tó ṣàjèjì kì í ṣe orúkọ burúkú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí ní àdúgbò wọn, tí wọ́n sì ń fi yangàn. Àmì tó yẹ kí ẹ máa wò ni ohun tí ọmọ ń fi orúkọ náà ṣe. Bó bá ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń pè é, ó ti gbà á. Bó bá ń yára dáhùn kí tíṣà tó kà á tán, tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, tàbí tó mú lẹ́tà kan tí kò sí níbẹ̀, ẹ jókòó tì í kí ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ máa jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè gbà kí wọ́n máa lo orúkọ mìíràn nínú kíláàsì lónìí kí ìwé tó yí padà, ó sì tọ́ kí ẹ béèrè fún un. Ibi ìfarapamọ́ ni ìyẹn ṣì jẹ́. Ìdánwò àti páásípọ́ọ̀tù á tún hú ti àtijọ́ jáde. Bí òbí méjèèjì bá ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìyípadà náà kó tó di pé ọ̀rọ̀ mìíràn da àárín wọn rú.

Oṣù Keje ọdún 2008 ni ìdájọ́ New Plymouth tó jáde sí gbangba. Nígbà yẹn, wọ́n ti yí orúkọ ọmọ náà padà. Wọn kò gbé tuntun náà jáde pẹ̀lú ìdájọ́, torí pé ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ náà ni ti àtijọ́ á ti tún bá a.